Ọjọ́ Àṣà Kan Lọ́dún Kò Tó: Ẹ Dá Èdè Ọmọ Padà Sí Ẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kambolé, Koussountou, Tchamba àti Sokodé, ẹ̀yin tó wà ní Manigri lódì kejì ààlà, àti gbogbo ọmọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́ tí à ń rán ọmọ wa lọ ni, àti ọ̀rọ̀ ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní ọ̀sẹ̀ àṣà.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Bí ọ̀sẹ̀ àṣà bá ti ń bọ̀, ilé-ìwé á ní kí òbí ra aṣọ. Ìyá á lọ sọ́jà, télọ̀ á rán an, ọmọ á wọ bùbá, á dé fìlà. Ìlù á dún. Àwọn ọmọbìnrin á gbé igbá, wọ́n á jó yípo pápá. Alága á sọ̀rọ̀, olùdarí ilé-ìwé á sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé. A ó ya fọ́tò, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì máa fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Lomé àti Cotonou.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e? Ọmọ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ní ọjọ́ Ẹtì torí pé ó kọrin ní èdè baba rẹ̀, ọmọ yẹn náà ni wọ́n ń fìyà jẹ ní ọjọ́ Ajé torí pé ó fi èdè kan náà tọrọ pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe àlejò lọ́jọ́ kan, òun ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó kù.

Ẹ má ṣi wá gbọ́. A kò bú ayẹyẹ náà. Ó ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe láàárín ìlú. Ní agbègbè wa yìí, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, síbẹ̀ ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà ní ilé-ìwé míṣọ́nnì. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ìyá tó fi ìborùn borí àti ìyá tó so àgbélébùú mọ́ ọrùn á jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, wọ́n á jọ máa wo ọmọ wọn. Ibi tí ẹ̀sìn méjì ti ń jókòó pọ̀ láìsí ìjà, ibi iyì ni. A ò fẹ́ kí ó parẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá náà wọ inú kíláàsì.

Ìjìyà tí à ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Láyé ìjọba Faransé, wọ́n máa ń so nǹkan mọ́ ọmọ lọ́rùn, pákó tàbí egungun ẹran, tí wọ́n ń pè ní “signal”. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa so ó mọ́. Kò ní bọ́ ọ lọ́rùn títí yóò fi gbọ́ kí ọmọ mìíràn sọ tirẹ̀, kó lọ so ó mọ́ ìyẹn náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ: kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó máa fi ọmọ ìyá rẹ̀ sùn. Tógò ti gba òmìnira láti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Àwọn tó mú “signal” wá ti kó ẹrù wọn lọ. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ wa ló kù tó ń bá wọn ṣọ́ ọ. Níbi tí kò ti sí pákó mọ́, pàṣán tàbí owó ìtanràn ló rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé mìíràn ló ń ṣe èyí, ìbá yà wá lẹ́nu díẹ̀. Pé ilé-ìwé onígbàgbọ́ ń ṣe é, ìyẹn ló yà wá lẹ́nu jù. Ṣé wọ́n ti gbàgbé bí ẹ̀sìn wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, òun ló kọ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì. Ní ọdún 1859, Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá, kí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tó ní ìwé ìròyìn rárá. Ní ilẹ̀ Tógò níbí, àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti Bremen ní Jámánì kọ́ èdè Éwé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ.

Èdè àwọn ènìyàn ni ìjọ fi wọlé. Ẹni tó fi àkàbà gun òkè, tó wá ń fi ẹsẹ̀ ti àkàbà náà ṣubú, ẹ bá wa bi í bí ó ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ìjọba ni yóò bá wa ṣe é. Ní ọdún 1975, nígbà tí Tógò tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe, èdè méjì ni wọ́n mú láti fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé: Éwé àti Kabiyè. Tiwa kò sí níbẹ̀. A kò bínú sí Éwé, a kò bínú sí Kabiyè. Ẹni tó bá rí ọwọ́ mú nínú èdè rẹ̀, kó dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò pè síbi àsè, ilé rẹ̀ ló yẹ kó ti dáná. Bí èdè wa kò bá sí nínú ìwé ìjọba, tí ilé-ìwé tún lé e kúrò lẹ́nu ọmọ, níbo ló kù tí yóò gbé?

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, “Faransé ni wọ́n fi ń ṣe CEPD. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe BEPC àti BAC. Ṣé èdè Kambolé ló máa fún ọmọ níṣẹ́ ní Lomé?” Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ sì jẹ́ ká dáhùn ún dáadáa.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Kí ni wọ́n rí? Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yára fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹ tún wo èyí: Mùsùlùmí ni Fafunwa, orúkọ ẹni mímọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì ni ilé-ìwé náà ń jẹ́. Ìyẹn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ní ìlú tí ẹ̀sìn méjì wà, èdè máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ ní kó lọ béèrè ní Ifẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fún un. Fafunwa kọ ìwé, ó dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi sùúrù wo ọmọ fún ọdún mẹ́fà kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbin iṣu lónìí tó ń wú u lọ́la, kó má dá ilẹ̀ lẹ́bi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa ò tilẹ̀ béèrè tó bẹ́ẹ̀. A ò ní kí wọ́n lé Faransé jáde. Kí ọmọ gbọ́ Faransé yé, kó kọ ọ́, kó fi gba BAC, kó fi ṣiṣẹ́. Ohun tí a ní ni pé kí ó má jẹ́ pé àtọ̀hún-ìnà ni yóò ti kọ́ ọ, kí ojú má sì máa tì í fún èdè tí ìyá rẹ̀ fi pè é ní orúkọ.

Àwọn kẹta á béèrè pé, “Èdè wo? Ti Kambolé ni, àbí ti Koussountou? Tem ńkọ́? Èdè àwọn ará Tchamba ńkọ́?” Ó yẹ ká sọ òtítọ́ níbí. Koussountou ní èdè tirẹ̀, Tchamba ní tirẹ̀, Tem ló sì pọ̀ jù ní Sokodé. A kò wá fi Yorùbá borí èdè ẹnikẹ́ni. Òfin tó ń fìyà jẹ ọmọ Kambolé náà ló ń fìyà jẹ ọmọ Koussountou. Bí a bá jọ ja ìjà yìí, gbogbo wa la jọ jèrè rẹ̀.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ará wa láti Nàìjíríà tẹ́ ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ bí ọmọ Kambolé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín yẹn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kambolé ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Manigri, ààlà tí Jámánì àti Faransé pín ní ọdún 1897 kò sì rí i gé. Ó ti wà lẹ́nu wọn kí ẹnikẹ́ni tó kọ Yorùbá sínú ìwé ní Èkó. Ẹ̀ka igi ni, kì í ṣe ìdọ̀tí abẹ́ igi. Ọmọ tí olùkọ́ nà torí pé kò sọ Faransé, tí àlejò tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ kò dán, yóò pa ẹnu dé ni.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí èdè bá wọlé, òrìṣà á tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀rù yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlọ́ ìjàpá kì í ṣe ẹbọ. Òwe kì í ṣe ẹbọ. Kí a ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta kì í ṣe ẹbọ. Bí èdè náà bá lè gbé Bíbélì, tí Lèmọ́mù sì lè fi ṣe wáàsí ọjọ́ Jímọ̀, ó lè gbé ìṣirò.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé onígbàgbọ́ ní agbègbè wa nìyí. Kò sí èyí tó ní láti dúró de òfin láti Lomé.

Àkọ́kọ́, kí ìyà lórí èdè dópin. Kí pàṣán àti owó ìtanràn kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ ní Faransé, ẹ má fi ẹgba kọ́ ọ.

Ìkejì, kí wọ́n fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí àgbàlagbà láti inú ìlú wá pa àlọ́, kó kọ́ ọmọ ní òwe, orúkọ ewé àti orúkọ ọjọ́. Kí àgbà Mùsùlùmí wá, kí àgbà Kìrìsìtẹ́nì wá. Kò gba owó oṣù. Ìjókòó kan ṣoṣo ló gbà.

Ìkẹta, kí ọ̀sẹ̀ àṣà di ti ẹnu, kó má jẹ́ ti ìbàdí nìkan. À ń rí ọmọ tó ń ṣe playback, tó ń la ẹnu bí ẹni ń kọrin, tó sì jẹ́ pé ohùn olórin Abidjan ló ń jáde nínú ẹ̀rọ. Ṣé àṣà nìyẹn? Kí ọmọ dìde ṣe àríyànjiyàn ní èdè rẹ̀. Kó sọ ìtàn bí àwọn baba rẹ̀ ṣe tẹ ìlú dó, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní agbègbè Atakpamé, àwọn onígbàgbọ́ kan ti ń kọ́ ènìyàn ní kíkà àti kíkọ èdè Ifẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe lọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe níbí.

Ìkẹrin, kí wọ́n máa ṣe ọjọ́ 21 oṣù kejì. Ọjọ́ Èdè Abínibí ni káàkiri àgbáyé, láti ọdún 2000. Ọjọ́ yẹn ti wà nílẹ̀, ẹ lò ó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin lẹ wà nínú APE. Ẹ̀yin lẹ ń dá owó ayẹyẹ. Owó tí a fi ń yá ẹ̀rọ akariwo fún ọjọ́ kan lè tẹ ìwé àlọ́ kékeré fún kíláàsì kan. Nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má béèrè iye aṣọ nìkan. Ẹ dìde, ẹ béèrè pé: “Olùdarí, èdè tí ọmọ mi fi jó lánàá, kí ló dé tí kò gbọdọ̀ fi sọ̀rọ̀ lónìí?” Kí ẹ sì dúró de èsì.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ. Kí àwọn ọmọ wa mọ̀wé, kí wọ́n sì mọ ilé. Àṣẹ, àmín.