Ẹni Tí Ó Bá Sé Ìlú Mọ́lé, Ẹrù Ìlú Di Tirẹ̀

  

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àrùn Kòrónà bá tún jẹ yọ láàárín wa, ẹjọ́ kan náà ni a máa ń rò: ìjọba pe àwọn olórí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ó pe àwọn ààfáà, kò pe babaláwo. Ẹjọ́ náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ ṣí àwọn ilé ìjọsìn padà nínú oṣù Ògún 2020, ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 7, ni wọ́n dá fún mọ́ṣáláṣí; ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9, ni wọ́n dá fún ṣọ́ọ̀ṣì. A tẹ́tí títí, a kò gbọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Ó dun ni. Síbẹ̀, ìrora àìpeni sí ìpàdé kéré púpọ̀ sí ohun tí ojú àwọn ará ìlú rí nínú ilé wọn ní ọdún náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣà wa ti ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ.

Kónílé-ó-gbélé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ìlú tí Orò ń gbé mọ̀ ọ́n. Bi àgbà Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tàbí Àwórì léèrè, yóò sọ fún ọ bí a ti ń ṣe é. Akéde á ti lu agogo káàkiri kí ọjọ́ náà tó kò. Ìyàwó ilé á mọ ọjọ́ tí kò ní lè dé ọjà, á ra ata, á ra epo, á pọn omi sílẹ̀. Arìnrìn-àjò á mọ ìgbà tí ọ̀nà yóò dá àti ìgbà tí yóò là. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó pàṣẹ, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí àṣẹ náà yóò dópin. Ohun tí mo ka sí jù nínú rẹ̀ ni pé òfin náà kì í yọ ilé àwọn tí ó ṣe é sílẹ̀. Ìyàwó Àpènà wà nínú ilé. Olorì wà nínú ilé. Ọmọbìnrin Olúwo tí ó kàwé dé òkè òkun, bí ó bá wà ní ìlú lọ́jọ́ náà, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra bí ti ọmọ tálákà.

(Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé orí àwọn obìnrin ni ẹrù yìí ń wúwo lé jù. Bẹ́ẹ̀ ni, àríyànjiyàn náà sì wà láàárín àwa fúnra wa. N kò ní fojú fò ó. Ní 2020 náà, ilé obìnrin tí ó ń kiri ọjà ni ebi kọ́kọ́ dé.)

Ìkéde tí ó ń ṣáájú yẹn, oúnjẹ ni. Ẹni tí a bá fún ní àyè láti múra yóò bọ́ ara rẹ̀ fún òru kan tàbí fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ìsémọ́lé bá gùn ju ohun tí ó wà nínú àpò gààrí olúwa rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ní kí ilẹ̀kùn wà ní títì ni ó yẹ kí ó gbé oúnjẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn náà. Májẹ̀mú ni. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìjọba wa. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba pápákọ̀ òfuurufú Èkó wọlé tí ó sì kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀: láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, Èkó, Ògùn àti Abuja yóò wà ní títì fún ọjọ́ 14. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde sí ìgbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, kò pé ọjọ́ kan àbọ̀. Gómìnà Dapo Abiodun ti Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀bẹ̀ pé kí ti òun di ọjọ́ 3 oṣù Igbe kí àwọn ará ìlú lè rí àyè múra, ìjọba àpapọ̀ sì gbà fún un. Mo dárúkọ èyí nítorí pé mo ka àwọn ìgbà tí aláṣẹ kan rántí pé ẹni tí a ó tì mọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọjà, wọn kò pọ̀. Nígbà tí ọjọ́ 14 náà pé, Ààrẹ tún fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e. Ọjọ́ 4 oṣù Ẹ̀bìbí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà.

N kò sọ pé títì náà kò yẹ. Àrùn tí ń bá èémí rìn, ó yẹ kí á ya ènìyàn sọ́tọ̀ fún un, àwọn tí ó wí nígbà náà pé kò sí Kòrónà sì ṣe ìpalára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ mi wà lórí ohun tí ó tẹ̀lé títì náà. Ìyá tí ó ń dín àkàrà ní Ajégúnlẹ̀, owó òní ni ó fi ń ra ẹ̀wà ọ̀la. Awakọ̀ dáńfó, birikilà, aláàárù ọjà Mile 12, kò sí èyí tí ó ní owó oṣù tí ń wọlé bí ó bá jókòó sílé. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ sọ ní ọjọ́ 13 oṣù Igbe, ó ní àwọn yóò fi mílíọ̀nù kan ìdílé kún mílíọ̀nù 2.6 tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àwọn tí ń gba owó ìrànwọ́. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ ni a ń sọ yìí.

Dípò oúnjẹ, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà ni ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kéde láàárín oṣù Igbe pé láti ìgbà tí títì náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń fi ipá mú òfin ṣẹ. Àwọn tí àrùn náà fúnra rẹ̀ ti pa ní Nàìjíríà ní àkókò yẹn, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba, jẹ́ 12. Mo ka iye méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà, mo sì tún ń kà á títí di òní.

Ti òfin tí kì í yọ ilé ẹni tí ó ṣe é sílẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 17 oṣù Igbe ni Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ààrẹ, di olóògbé, àrùn Kòrónà ni ó pa á. Kí Elédùmarè tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. N kì í fi òkú ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín ní Abuja, ìlú tí ó wà ní títì, gbogbo ayé sì rí àwòrán àwọn ènìyàn ńláńlá tí wọ́n fi ara kan ara yí sàréè ká. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí àrùn náà gbà lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò lè rin ìrìn-àjò láti Èkó sí Ìbàdàn lọ sin òbí wọn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí a rántí Ọba tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ lójúmọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná láyé àtijọ́, a mọ ohun tí a ń ṣe. Màrìwò yóò wà lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò má bàa wọlé. Ìlù yóò dákẹ́, àwùjọ kò gbọdọ̀ pé. Ẹni tí ó bá ti ara rẹ̀ kú, àwọn awo rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sin; kò sí òkú ṣíṣe, kò sí àpèjẹ, ìdílé kò gbọdọ̀ sunkún síta. Ìyàsọ́tọ̀ ni gbogbo èyí, kí oníṣègùn òyìnbó kankan tó kọ́ wa ní orúkọ rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn gbẹ́sẹ̀ lé ìbọ Ṣọ̀pọ̀ná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Bìrìtìkó, ti kọ́kọ́ wọ inú awo náà láti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn àwòrò ni pé wọ́n ń tan àrùn náà kálẹ̀, nítorí pé ẹrù ẹni tí ó bá kú ń di tiwọn. Bóyá gbogbo àwòrò ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá díẹ̀ ni, ìjọba kò dúró yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo wa ni ó fi òfin dè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ láàárín ara wa. Àṣà pé kí ẹrù òkú di ti ẹni tí ó sin ín ṣí ilẹ̀kùn fún olójúkòkòrò, ìpìlẹ̀ òfin náà sì jẹ́ ohun tí àwa náà gbà: kò yẹ kí ẹni tí a fi ṣọ́ àjàkálẹ̀ máa jèrè nínú rẹ̀.

Ó dára. Nínú oṣù Ọ̀wàrà 2020, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbọn tí ó dún ní Lẹ́kí, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n bá oúnjẹ tí ó kún dé òrùlé. Ní ọjọ́ kejì ó di Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lẹ́yìn èyí ó di Jos, ó di Kàdúná, ó di Abuja. Ìrẹsì, gààrí, súgà, indomie. Àmì CACOVID, ìyẹn àjọṣe àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó dá owó jọ fún ìgbà àrùn náà, wà lára àwọn páálí. Àwọn gómìnà ní àwọn kò fi pamọ́. Wọ́n ní àwọn ṣì ń pín in lọ́wọ́, pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì fi díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbì kejì àrùn náà. Mo ti gbé àlàyé náà yẹ̀ wò dáadáa. Oṣù Ẹ̀bìbí ni ìsémọ́lé dẹ̀; oṣù Ọ̀wàrà ni a rí oúnjẹ ìsémọ́lé nínú àgádágodo. N kò yin ẹni tí ó já ilẹ̀kùn, pàápàá àwọn tí ó kọjá orí oúnjẹ tí wọ́n sì kó ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi òfin de odidi ẹ̀sìn kan nítorí ẹrù òkú, èwo ni òfin tí ó de àwọn tí oúnjẹ alààyè wà lọ́wọ́ wọn? Ta ni ó wí tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́ lórí rẹ̀?

Níbo ni àwa wà nígbà náà? Àwọn kan nínú wa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pariwo pé àwọn ti rí oògùn rẹ̀, láìsí ẹ̀rí kankan. Mo gba ewé àti egbò gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé àgbo Madagascar wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ wa kí ẹnikẹ́ni tó bi oníṣègùn Ìjẹ̀bú léèrè ohun tí ó mọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n fi àgbo náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Kí tiwa náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó ń ta ọjà nígbà àjàkálẹ̀ kò lè bi gómìnà léèrè oúnjẹ kí gómìnà dá a lóhùn. Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ní ọdún náà ni àwọn ará Òṣogbo, tí wọ́n jẹ́ kí Arugbá lọ sí odò pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn, tí wọn kò sì pe ayé wá wo ọdún Ọ̀ṣun.

Lónìí, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A dúpẹ́. Àjàkálẹ̀ mìíràn yóò dé, ìjọba yóò sì tún kó ìgbìmọ̀ jọ. Bí wọ́n bá pè wá kí á wá gbàdúrà, kí á lọ. Ṣùgbọ́n kí á ti kọ̀wé sí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kí ọjọ́ 20 oṣù Ògún tí ń bọ̀ tó pé, kí á béèrè fún òfin tí yóò sọ pé bí ìjọba bá ti ìlú, oúnjẹ gbọ́dọ̀ jáde láàárín iye ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀. Pé kí a lẹ àkọsílẹ̀ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde mọ́ ara ògiri ọjà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Pé kí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ó kéré tán, kí Ìyálọ́jà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. N kò béèrè pé kí babaláwo jẹ́ èkejì. Bí ará ìlú bá fẹ́ ẹ, wọn yóò dárúkọ rẹ̀.