Ẹ Kà Á Sókè: Ìkéde Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Àtijọ́

Àwa tí a kóra jọ láti kọ́ èdè Gíríìkì àtijọ́ àti ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ ń kéde pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ wo Áténì lọ́dún 427 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ará ìlú Mítílénè ti ṣọ̀tẹ̀ sí i, Áténì sì ti ṣẹ́gun wọn. Cleon, olóṣèlú kan, rọ àwọn ará Áténì níbi àpéjọ, wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin Mítílénè tó ti dàgbà, kí wọ́n kó obìnrin àtọmọdé lẹ́rú. Ọkọ̀ ojú omi gbé àṣẹ náà lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́, wọ́n tún péjọ. Ará Áténì kan, Diodotus, dìde. Kò bẹ̀bẹ̀ àánú rárá. Àǹfààní Áténì fúnra rẹ̀ ló dì mú. Ó ní bí ikú bá ti dájú fún gbogbo ọlọ̀tẹ̀, ìlú wo ni yóò tún túúbá? Ìbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n òun ló borí. Ọkọ̀ kejì gbéra. Àwọn atukọ̀ ń jẹun bí wọ́n ti ń wà á, wọ́n sì ń sùn ní ìpín-ìpín. Wọ́n dé bí ọ̀gágun Áténì ti ka àṣẹ ikú náà tán, tó kù díẹ̀ kó mú un ṣẹ. Wọ́n ṣì pa àwọn tí wọ́n kà sí aṣáájú ọ̀tẹ̀, àmọ́ ìlú náà kò parun.

Òpìtàn Thucydides ló kọ ọ́ sílẹ̀, Gíríìkì rẹ̀ sì le koko. A ó kà á bó ṣe le tó. Àkékúrú tí ẹlòmíràn ṣe kò ní tó wa.

A ó ka ọ̀rọ̀ Cleon náà délẹ̀délẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ìkà ṣe ń wọni létí yóò dìbò fún un láìfura. Aristotle ní ohun mẹ́ta ló ń yíni lérò padà: ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bó ṣe rí lọ́kàn àwọn tó ń gbọ́, àti ẹ̀rí inú ọ̀rọ̀ náà. A ó máa wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu gbogbo ènìyàn, títí kan tiwa.

A ó máa kà sókè. Ohùn a máa lọ sókè, a máa wá sílẹ̀ nínú Gíríìkì àtijọ́. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí a fi ń kọ Yorùbá wà lórí ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Ọmọ Yorùbá ti ní etí fún un láti kékeré. Kí ló wá fẹ́ dẹ́rù bà á?

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ọ. Plutarch ròyìn pé Demosthenes, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Áténì, a máa fi òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀ títí ahọ́n rẹ̀ fi là.

Áténì kò jẹ́ kí obìnrin, ẹrú tàbí àlejò sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ. Ìwà àìtọ́ gbáà ni, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn ìwé wọn. Lysias, tó jẹ́ àlejò láàárín wọn, ló ń kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ fún àwọn onílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ẹni tó bá wá ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìkéde yìí, lẹ́tà Gíríìkì kò ju 24 lọ. Ẹ kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, Lysias ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, torí èdè rẹ̀ mọ́ gaara, kí ẹ sì wá bá wa kà á.