Ó Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Àgbà Ṣábẹ̀

Nígbàkígbà tí àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ bá péjọ, ìbáà ṣe nílé tàbí lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: kí àwọn àgbà kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kí wọ́n kọ́ wọn ní oríkì ìdílé, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìtàn àwọn ọba, kí wọ́n kọ́ wọn bí ó ti yẹ kí ènìyàn kí Oníṣábẹ̀ láàfin. Ọ̀rọ̀ náà dára, kò sì sí ẹni tí yóò takò ó. Síbẹ̀, ó kù síbì kan. Ta ni ń kọ́ àwọn àgbà fúnra wọn? Wọ́n ti dà bí kànga tí gbogbo ilé ń pọn omi nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ibi tí omi yóò ti máa sun wá.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ìlú Toulouse, nílẹ̀ Faransé, Pierre Vellas dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní 1973 fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí irú rẹ̀ fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ibùgbé àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Lasell Village, nínú ọgbà yunifásítì kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé òun yóò máa fi wákàtí 450 kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé ọkàn àgbà kò yàtọ̀ sí oko: bí a kò bá ro ó, igbó ni yóò bò ó.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe àṣà Ṣábẹ̀. Inú agbo ilé ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà ń gbé, láàárín àwọn ọmọ, ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-ọmọ. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi owó gọbọi kọ́, ìyẹn ibi tí àwọn àgbà ti lè pàdé lójoojúmọ́, ó ti wà ní Ṣábẹ̀ láti ayébáyé: iwájú ààfin, abẹ́ igi, ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé. Ohun tí kò tíì sí níbẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àgbà kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí wọ́n bá ti yan ẹni tí yóò gorí ìtẹ́, wọn kì í mú un wọ ààfin lọ́jọ́ náà. Ìpèbí ni wọ́n ń mú un lọ. Ó lè ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ó lè ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ yóò jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì kọ́ ọ ní èèwọ̀, ní ìtàn, ní ọ̀rọ̀ tí ọba ń sọ àti èyí tí kì í sọ. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo: ẹni tó ti fi ogójì ọdún dífá ṣì ń lọ sí àpéjọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbọ́ ẹsẹ tí kò mọ̀. Bí ọba àti awo kò bá tijú ẹ̀kọ́, kí ló dé tí ẹ̀kọ́ yóò fi di ìtìjú fún baálé?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìdárayá lásán. Ohun ìní àti ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tuntun lórí ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé ni ọ̀nà tí ìdílé yóò fi fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ tí ó jogún múlẹ̀, kódà ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń ro kí ọ̀rọ̀ Faransé tó dé. Èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé náà. Baálé tó mọ ààlà oko gbogbo ìdílé láìwo ìwé ni wọ́n ń gbé ìwé síwájú pé kí ó tẹ̀ka sí, lórí ọ̀rọ̀ tí kò lè kà. Bí ọmọ tó ń ka ìwé náà sí i létí bá jẹ́ olóòótọ́, ó bọ́ sí i. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́ ńkọ́?

Ní ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Benin tún fọwọ́ sí òfin tó fi ìlànà lélẹ̀ fún oyè ìbílẹ̀. Òfin tó kan ìtẹ́ ni, ó kan àwọn afọbajẹ, ó kan àwọn ìjòyè. Kò yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbangba máa gbọ́ ọ lẹ́nu alágbọ̀sọ. Òfin orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú abala rẹ̀ ogójì pé ojúṣe ìjọba ni láti tan ìmọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn kálẹ̀ ní àwọn èdè abínibí. Bí àwọn àgbà bá béèrè ẹ̀kọ́ lédè wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìtàn tún wà níbẹ̀. Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ ọba pín ogún, ẹran ọ̀sìn ló kan Oníṣábẹ̀. Ní 1992 ni Montserrat Palau-Marti tẹ ìwé odindi kan jáde lédè Faransé lórí ìtàn Ṣábẹ̀ àti àwọn ọba rẹ̀. Ìwé ti èkíní, èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti èkejì, èdè Faransé. Àwọn àgbà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ẹnu wọn jáde ni kò láǹfààní láti kà á, kí wọ́n sọ pé, “Èyí tọ̀nà, èyí kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹni tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò lè tún un ṣe.

Ṣábẹ̀ kò sì yẹ kó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìlú náà ni Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009. Ní ìparí ọdún 2009 yẹn náà ni UNESCO pe àwọn orílẹ̀-èdè jọ sí Belém, nílẹ̀ Brazil, lórí ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà.

Àwọn kan yóò sọ pé ojú àgbà ti ṣú, pé iyè rẹ̀ kò jí pépé mọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò bójú mu kí ọmọ ogún ọdún dúró níwájú bàbá àádọ́rin ọdún kí ó máa kọ́ ọ. Àwíjàre àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó ń ka oríkì ìran mẹ́wàá láìṣìnà, iyè rẹ̀ jí. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn baba ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ mọ ipò ara rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó kí wọn kúnná, kí ó tó ṣí ìwé. Àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ilé iṣẹ́ ṣúgà àti ilé ẹ̀kọ́ náà wà nílùú. Ẹgbẹ́ lè kọ́ ẹgbẹ́, kí ìtìjú má sì sí.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe kò ju agbára rẹ̀ lọ. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí àkókò rẹ̀ kò sì pa iṣẹ́ oko lára. Kí àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ tó wà ní Kútọnú, Èkó àti ilẹ̀ òkèèrè dáwó ra awò ojú, nítorí ọ̀pọ̀ tó ní òun kò lè kàwé, ojú ni kò ríran. Kí wọ́n kọ́ wọn ní kíkà àti kíkọ èdè wọn, kí wọ́n túmọ̀ òfin ilẹ̀ àti òfin oyè fún wọn, kí wọ́n fi bí a ti ń lo fóònù hàn wọ́n. Kí àwọn ìyá má sì gbẹ́yìn, nítorí lẹ́nu wọn ni oríkì pọ̀ sí. Bí àgbà bá sì fi ìtàn san oore ẹ̀kọ́, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á padà sí i létí kí ó tó kúrò nílé.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ìlú tí ọmọdé nìkan ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ìdajì òwe náà ló mú lò. Ọdún tó ń bọ̀, àwọn ìwé mìíràn yóò tún dé iwájú àwọn baálé Ṣábẹ̀ fún ìtẹ̀ka. Ó dára kí wọ́n kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.