Giannis Antetokounmpo àti ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ-ìlú

Giannis Antetokounmpo (tí a bí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994 ní Athens) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọmọ orílẹ̀-èdè Gríìsì. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ní ọdún 1991: Yorùbá ni Charles bàbá rẹ̀, Igbo sì ni Veronica ìyá rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì nínú àríyànjiyàn lórí ipò àwọn ọmọ tí àwọn aṣíkiri bí sí ilẹ̀ òkèèrè.

Orúkọ
Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé rẹ̀, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ará Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Èdè Gríìkì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró "d" tàbí "b". Lẹ́tà méjì-méjì, ντ àti μπ, ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, wọ́n sì ń fi ου kọ "u". Nígbà tí wọ́n dá orúkọ náà padà sí lẹ́tà Látìnì fún ìwé ìrìnnà, lẹ́tà ni wọ́n tẹ̀lé, wọn kò tẹ̀lé ìró. Báyìí ni Adetokunbo ṣe di Antetokounmpo.

Òfin
Ẹ̀jẹ̀ òbí ni òfin Gríìsì fi ń mọ ọmọ-ìlú. Bíbí tí a bí ènìyàn sí Athens nìkan kò tó. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹnikẹ́ni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sí ọmọ-ìlú nípa ìbí, ibi yòówù kí a bí i sí. Síbẹ̀, Giannis dàgbà láìní ìwé ìlú kankan. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ń kiri ọjà ní àdúgbò Sepolia kí ilé tó lè jẹun.

Gríìsì fún un ní ìwé ọmọ-ìlú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ọjọ́ 49 lẹ́yìn náà, Milwaukee Bucks yàn án ní ipò 15 nínú ìyànsípò NBA. Àwọn ọmọ aṣíkiri yòókù tí kò lókìkí dúró di ọdún 2015 kí òfin tuntun tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó kàwé ní ilẹ̀ náà.

Àṣeyọrí
Wọ́n dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní NBA ní ọdún 2019 àti 2020. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2021, ó gba àmì 50 wọlé nígbà tí Bucks borí Phoenix Suns láti gba ife. Ó gbé àsíá Gríìsì níbi ìdíje Olympics ní Paris ní ọdún 2024, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní EuroBasket 2025.

Ẹ̀kọ́ fún Rẹ́mọ
Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tó gba líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024–25, fi hàn pé ìlú kékeré lè gbé ẹgbẹ́ ńlá ró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Filathlitikos, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kejì ní Gríìsì nígbà náà, ṣe tọ́ Giannis dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ nìkan kò lè gbé ọmọ tí kò ní ìwé ìrìnnà kọjá ẹnubodè. Fún ìdílé tó bá ń ṣí lọ sí òkèèrè, ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin kò tíì di ìwé, àfi bí òbí bá lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ìjọba sì fún un ní ohun tó tọ́ sí i.