Ẹni Tó Fẹ́ Ra Iṣu Kì Í Gba Owó Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, ìyá kan tó ń ta gààrí jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ aṣọ bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀, ó sì ka owó lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọkùnrin kan ló ti Èkó wá, ó ní òun ń ṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, òun sì fẹ́ yan àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni fọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n pe orúkọ ọmọ náà mọ́ àwọn tó yege, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ lọ wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà wá fún ètò ìrìn-àjò. Obìnrin náà kó àjọ, ó tún yá kún un. Títí di òní, nọ́ńbà tí wọ́n fún un kò wọlé mọ́.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí n tó fẹ̀yìn tì í, mo sì mọ̀ pé ìtàn yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti sọ ọ́ di àṣà. Bí a bá gbọ́ ọ, a ó mi orí, a ó ní ìyá náà kò gbọ́n. Rárá o. Ẹni tó jí owó ni olè, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Gbogbo àwa tí a mọ bí òwò bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ, tí a sì dákẹ́, a jẹ nínú ẹ̀bi náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Òwò ni bọ́ọ̀lù àwọn tó ń gbowó iṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan ń wá ọmọ tó ní ẹ̀bùn, ó ń wò ó, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń rà á, ó sì lè tà á lọ́la kó jèrè. Ta ló yẹ kó san owó ìwò náà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àgbẹ̀ rí mọ ìdáhùn. Bí oníṣòwò bá ti Ìbàdàn wá ra iṣu ní Èkìtì, òun ló ń san owó ọkọ̀ rẹ̀, òun ló ń san owó oúnjẹ rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò ra fọ́ọ̀mù kí ẹni tó fẹ́ ra iṣu lè wo iṣu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí àgbẹ̀ sanwó kí òun tó wo ebè rẹ̀, gbogbo ọjà ni yóò mọ̀ pé iṣu kọ́ ló wá rà.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń yan ọmọ tuntun yẹ ní wíwò. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú líìgì NFL ń pàdé láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀, ní ìpele méje, ẹgbẹ́ tó bá sì ṣe dáadáa jù lọ́dún tó kọjá ló ń yàn gbẹ̀yìn. Kí ọjọ́ ìyàn tó dé, wọ́n á pe àwọn ọmọ tí ojú wọ́n ti ń wà lára wọn wá sí Indianapolis. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á ṣírò eré sísá wọn, àwọn dókítà á sì yẹ̀ wọ́n wò. Pípè ni wọ́n ń pè wọ́n síbẹ̀, wọn kì í ra fọ́ọ̀mù. Ọ̀nà yìí ni Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó tìtorí eré ìdárayá lọ sí yunifásítì lọ́hùn-ún, gbà wọ Kansas City Chiefs ní ọdún 1987. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló mú kí Houston Rockets yan Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ṣáájú gbogbo èèyàn ní ọdún 1984, ọdún tí wọ́n yan Michael Jordan ní ipò kẹta.

N kò sọ pé ètò wọn kò lábùkù. Ọmọ tí wọ́n yàn kì í fúnra rẹ̀ mú ẹgbẹ́ tí yóò lọ, àwọn ẹgbẹ́ sì lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ láìbi í. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú níbẹ̀: ẹni tí yóò jèrè ọmọ náà ló ń náwó láti mọ̀ ọ́n. Ìlànà yìí nìkan ni mo ní kí a yá lò.

Irọ́ kejì ni ti ọjọ́ orí ìrìn-àjò. Òfin àjọ FIFA lórí ipò àti ìṣípòpadà agbábọ́ọ̀lù sọ ọ́ kedere ní abala 19 pé agbábọ́ọ̀lù tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù. Àyè tí wọ́n yọ sílẹ̀ kò pọ̀, bí ìgbà tí àwọn òbí bá ń ṣí lọ fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ wo Victor Osimhen. Ní ọdún 2015 ló gba góòlù mẹ́wàá wọlé ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní Chile, tí gbogbo ayé sì ń wá a kiri. Síbẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló pé ọdún 18, oṣù Kínní ọdún 2017 ló tó dé Wolfsburg ní Jámánì. Bí ẹni tó gba góòlù jù lọ ní ìdíje àgbáyé bá dúró de ọjọ́ ìbí rẹ̀, ta ni yóò wá gbé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti Òkè-Ìlá lọ sí Tọ́kì lóṣù tó ń bọ̀?

Kódà, pípé ọdún 18 nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, John Obi Mikel ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ni Manchester United kéde pé ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti ẹgbẹ́ Lyn ní Nọ́wè. Kò pẹ́ tí Mikel fi jáde sọ pé ńṣe ni wọ́n fipá mú òun fọwọ́ síwèé. Chelsea náà ní àwọn ló ni ọmọ. Ìjà náà lé ní ọdún kan. Oṣù Kẹfà ọdún 2006 ló parí, nígbà tí Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Manchester United àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Bí ẹgbẹ́ ńláńlá bá lè fa ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ ya báyìí, ẹ ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí kò sí agbẹjọ́rò lẹ́yìn rẹ̀.

Irọ́ kẹta, àwa òbí àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù la ń pa á: ọjọ́ orí àdínkù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebu, tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ní ọdún 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá èyí tí a ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Nígbà tó di ọdún 2009, tí àwa fúnra wa gba àlejò ìdíje àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti mọ ọjọ́ orí wọn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó bá gé ọdún mẹ́ta kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ ti sọ gbogbo ìwé rẹ̀ di irọ́, kò sì ní lè fi ìwé náà jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́ kankan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Napoli ra Osimhen lọ́wọ́ Lille ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 yúrò. Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà dàgbà láti ọdún 12 sí ọdún 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 sì jẹ́ 0.5.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kékeré kan ní Adó-Èkìtì tọ́ ọmọ láti ọdún 12 títí dé 17. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá kan mìíràn. Bí wọ́n bá ta ọmọ yìí ní mílíọ̀nù 10 yúrò, ẹgbẹ́ Adó náà ní 200,000 yúrò láti gbà. Owó yìí tó láti gbẹ́ kànga, láti tún pápá ṣe, àti láti san owó oṣù olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá tún tà á lẹ́ẹ̀kejì sí orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n á tún gbà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti gbé àjọ kan kalẹ̀ ní Paris tó ń gba irú owó yìí, tó sì ń pín in fún àwọn tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé NFF, tí kò fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń tọ́ ọ, kò ní rí nǹkan kan gbà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa wà. À ń du ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fọ́ọ̀mù mọ́ ọmọ tálákà lọ́wọ́, a sì ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí pé a kò kọ orúkọ sínú ìwé.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé olùkọ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbà. Owó ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ láràárọ̀, tó ń ra bọ́ọ̀lù, tó ń mú ọmọ tó ṣèṣe lọ sílé ìwòsàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó lóṣooṣù bí iléèwé ṣe ń gbà á. Ẹni tó wá yan ọmọ láàárín wákàtí méjì tó sì padà lọ ni mo ń bá wí. Ẹlòmíràn yóò ní òṣì ló ń lé àwọn ọmọ, kí a jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú. Bí òṣì bá ń lé wọn, ṣé ó wá yẹ kí a tún gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ wọn?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì àti àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Adó ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, sárésáré tó wà nínú ikọ̀ tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona lọ́dún 1992. Kò yẹ kí orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri kí àwọn gbájúẹ̀ máa ta fọ́ọ̀mù fún ọmọ wa kiri ìgboro. Ẹ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ, àti pé kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NFF. Ẹ gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀ tí òbí lè lọ fi ìwé àdéhùn hàn agbẹjọ́rò láìsanwó.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ máa bi ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé ọmọ yín lọ. Níbo ni ìwé àṣẹ tí FIFA fún ọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú agbábọ́ọ̀lù wà? Láti ọdún 2023 ni FIFA ti mú ìdánwò padà fún wọn. Ẹgbẹ́ wo ló rán ọ, kí a lè kọ̀wé sí wọn fúnra wa? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló ń sanwó, nígbà tó jẹ́ ìwọ lo fẹ́ rà? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń ta gààrí. Ó ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dára. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí ọkùnrin mìíràn tún ti Èkó dé pẹ̀lú ìwé fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kó sì bá wa níbi tí ẹni ìṣáájú bá wa.