KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ JẸ́LÉ-Ó-SINMI, Ẹ BÉÈRÈ ÌWÉ ÌJÀǸBÁ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ̀yin àgbà Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bí a bá fẹ́ yan jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ni a máa ń wò? À ń wò bóyá wọ́n ń sọ òyìnbó. À ń wo yunifọ́ọ̀mù, à ń wo ọ̀dà ara ògiri, à ń wo ayẹyẹ ìparí ọdún. Kò sí èyí tó ń dáàbò bo ọmọ nínú wọn. Òyìnbó kì í dé kànga.

Ìwé ìjàǹbá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: ìwé tí ilé-ìwé ń kọ ọ́ sí pé ọmọ báyìí ṣubú ní aago báyìí, ẹni tó wà níbẹ̀ nìyí, ohun tí a ṣe nìyí. Ilé-ìwé tó bá ní "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbí rí," òun gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Ogún ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè jọ sáré fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni má bó lórúnkún. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọmọ tó fi orí gbálẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, kó máa bì, kó sì máa tòògbé lálẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú agbárí. Ìyá tí wọn ò sọ fún á rò pé ibà ni, á lọ ra oògùn ibà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, tí a béèrè pé, "Aago mélòó ló ṣubú? Ṣé ó dákú?" kò sẹ́ni tó mọ̀. Àkókò tó yẹ ká fi gbé e lọ sí Òṣogbo ti lọ.

Ẹ rántí Ìta Fájì ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó tó ènìyàn 20 tó kú, ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Wọ́n ti mọ̀ pé ewu wà, ọmọ sì tún wà nínú ilé.

Àwọn kan á ní, "Nọ́ọ̀sì, owó kékeré ni wọ́n ń gbà, ẹ má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́." Èló ni ìwé ìkọ̀wé kan? Àwọn mìíràn á ní kádàrá ni. Kànga tí kò ní ìdérí kì í ṣe kádàrá, ẹnì kan ni kò dé e.

Ṣùgbọ́n àwa òbí náà ní ẹjọ́ tiwa. Olùkọ́ tó bá pe ìyá lọ́jọ́ náà pé "ọmọ yín ṣubú", a ó lọ pariwo lé e lórí. Èyí tó fi pamọ́, a ó máa yìn ín. Báyìí la ṣe ń kọ́ wọn ní irọ́. Ẹni tó bá sọ òótọ́ ni kí ẹ fún lọ́mọ.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé kànga àti ṣalángá ní ìdérí tí ọmọ kò lè ṣí?
2. Ṣé géètì ń tì? Títì tí tírélà ń gbà lọ sí Ọ̀fà kò jìnnà sí púpọ̀ nínú wọn. Ta ni wọ́n lè fa ọmọ lé lọ́wọ́?
3. Ọmọ mélòó ló wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan? Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni 25 fún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi.
4. Níbo ni kẹrosíìnì àti Sniper wà? Bí ọmọ bá ń ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú oorun àsùnjù, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fún un.
5. Ṣé wọ́n béèrè káàdì àjẹsára? Abẹ́rẹ́ èèyi oṣù 9 àti oṣù 15 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá béèrè ti ọmọ yín, wọn ò béèrè ti ẹni tó jókòó tì í.

Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ìyá mẹ́ta tí yóò lọ wo jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò wọn kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin bàbá àgbà, ẹ tẹ̀lé wọn, ọ̀rọ̀ yín ni onílé-ìwé máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. A ò ní fi ọwọ́ sin ọmọ o.