Ọmọ wa mọ simile, orúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀, Ìdáàṣà àti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atakpamé lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo gbé wá lónìí.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré títí mo fi di olùkọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi kí n tó rí i lára àwọn ọmọ.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì première sọ ohun tí simile jẹ́ fún wa. Ó dìde, ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ láti orí bí ẹni ń ka àdúrà. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Ó dáa, fún wa ní àpẹẹrẹ kan." Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, kò rí nǹkan sọ. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Wo orí ẹ bí àgbọn!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ìjàpá ni ìwọ, o ò lè sáré!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Simile ni ti àkọ́kọ́, metaphor ni ti ìkejì. Ohun tí kò rí sọ nínú kíláàsì ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ níta láìronú.

Èrò mi ni pé ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ọmọ. Àwa olùkọ́ la gbé orúkọ fún un, tí a kò fi ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà hàn án. A kọ ogún ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, a ní kí wọ́n há a sórí nítorí ìdánwò. Lẹ́yìn ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

Ìṣòro kejì wà tó jẹ́ ti àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí. Láti sixième ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń ronú nípa rẹ̀. Níbòmíràn, Faransé a máa ranni lọ́wọ́: métaphore àti metaphor kò jìnnà síra, hyperbole kò sì yàtọ̀ rárá lójú ìwé. Ibi tó ti ń tanni jẹ ni kí a ṣọ́ra fún. Ohun tí Faransé ń pè ní comparaison ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní simile. Caractère lédè Faransé, ìwà ènìyàn ni. Character nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dá inú ìtàn ni, ẹni tí Faransé ń pè ní personnage. Vers lédè Faransé, ìlà ewì kan ṣoṣo ni. Line ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Èyí tó mú èmi ni novel. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, wọ́n ní kí a kọ̀wé lórí novel kan tí a ti kà. Mo rò pé nouvelle ni wọ́n ń sọ, ni mo bá lọ kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìtàn kúkúrú. 6 nínú 20 ni mo gbà. Roman ni novel. Short story ni nouvelle. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí, máàkì yẹn ló sọ ọ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yorùbá ti ní orúkọ fún púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti jókòó kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì. Simile ni àfiwé tààrà: "Ó ga bí ìrókò." Metaphor ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: "Ìrókò ni bàbá yẹn." Personification ni ìfohunpènìyàn. Ẹ sì gbọ́ ohun tí à ń sọ lójoojúmọ́: ebi ń pa mí, òtútù ń mú mi. Ta ló rí ọwọ́ òtútù rí? Hyperbole ni àsọdùn: "Mo ti pè ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún." Ìbéèrè tí a kò retí ìdáhùn sí, bí èyí tí mo bi yín nípa ọwọ́ òtútù, ìbéèrè pèsìjẹ ni. Ní ti euphemism, òwe wa ti túmọ̀ rẹ̀ tán: àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́."

Ẹni tó bá ti jókòó wo Ẹ̀fẹ̀ lóru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ṣé ó yẹ kí satire ṣòro fún un? Ẹlẹ́fẹ̀ á fi orin bá oníwà burúkú wí, ìlú á rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí á mọ ara rẹ̀. Lọ́dún 2001 ni UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ọmọ aráyé. Síbẹ̀, nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wa, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí a fi ń sá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún ló ti gbé signal kọ́ ọrùn rí nítorí pé a sọ èdè ìyá wa ní ilé ìwé. Wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn wa, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Àwọn kan yóò ní, "Msieur, kíláàsì wa kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọmọ Fọ̀n wà níbẹ̀, Gùn wà níbẹ̀, Báàtọ̀nú wà níbẹ̀." Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí olúkúlùkù mú gbólóhùn kan wá láti ilé tirẹ̀. A fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọ́ wọn, a sọ wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì, a wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Wákàtí tó kù, Gẹ̀ẹ́sì la fi ṣe é.

N kò sọ pé ohun gbogbo ló bára mu. Ewì wa kò gbára lé rhyme bí ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì lè fi ohùn dárà bí àwa ṣe ń fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣeré. Ibi tí wọn kò ti bára mu, ẹ jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Orúkọ nìkan kò sì tó. Kí ló dé tí a fi ń sọ pé ọba wàjà, tí a kì í sọ pé ó kú? Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ọ̀wọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ iṣẹ́ tí euphemism ń ṣe, ohun tí ìdánwò sì máa ń bèèrè nìyẹn.

Ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Orí àgbọn yẹn náà ló mú wá, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.